Ọkọ̀ Tí Ń Gbọ̀n Lórí Ìdúró

Ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ẹni pé ti àwọn awakọ̀ nìkan ni, ṣùgbọ́n tí ó kan olúkúlùkù ẹni tí a fi nǹkan sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ìbéèrè náà nìyí: bí ọkọ̀ kan bá ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tí ó dúró, tí ìgbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró ní kété tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ǹjẹ́ a lè wí pé ara ọkọ̀ náà le? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọn a ní, "Ṣebí ó ń rìn? Ọkọ̀ tí ó bá ti ń rìn, kí ni a tún ń wá lára rẹ̀?" A fẹ́ gbé ìdáhùn yìí yẹ̀ wò dáradára, nítorí a ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn ń fi dá láre. Ìdáhùn kan náà ni a máa ń fún ara wa nípa ilé tí ń jò, nípa ara tí ń rẹni, àti nípa ìwà tí kò tọ́.

Ìbéèrè yìí yẹ ní bíbi ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ju ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn lọ. Gbogbo wa ni a mọ Èjìgbò, ìlú Ògìyán, tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní àríwá rẹ̀, tí Ìwó wà ní gúúsù, tí Ẹdẹ àti Òṣogbo sì wà níhà ìlà-oòrùn. Iṣẹ́ oko ni iṣẹ́ àwọn baba ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn àjò ti di iṣẹ́ kejì wọn. Ó ti lé ní ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń padà wá kọ́lé sí ìlú wọn, títí tí èdè Faransé fi di ohun tí etí ń gbọ́ ní ọjà Èjìgbò. Láti gáréèjì ìlú náà ni ọkọ̀ ti ń gbéra, tí í la ilẹ̀ Benin, Tógò àti Gánà kọjá kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ìyá arúgbó wà nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, owó tí ẹlòmíràn fi ọdún mẹ́wàá kó jọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ohun afẹ́ lásán. Ẹ̀mí ènìyàn ni a ń kó sínú rẹ̀.

Kí a tó lè dáhùn ìbéèrè wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ní ọdún 1876, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Nikolaus Otto ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin: ó fa afẹ́fẹ́ àti ohun ìdáná sínú, ó fún un pọ̀, iná ràn án, ó sì tú èéfín rẹ̀ jáde. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí náà ni ọkọ̀ tí ń lo epo bẹntiróòlù ń gbé títí di òní. Ẹni tí ó bá ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ rí kò ní ṣàìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ a máa fi ẹwìrì fẹ́ atẹ́gùn sí iná. Bí awọ ẹwìrì bá lu, atẹ́gùn a gba ibi tí kò yẹ. Bí ẹnu rẹ̀ bá dí, iná a kú. Bí èédú bá tutù, èéfín ni yóò kún ilé. Afẹ́fẹ́, ohun ìdáná àti iná, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni ẹ̀rọ ọkọ̀ ń fẹ́, ní ìwọ̀n tí ó yẹ àti ní àkókò tí ó yẹ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, ẹ̀rọ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Èéṣe tí ìgbọ̀n náà fi ń hàn lórí ìdúró ju lórí eré lọ? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ náà sábà máa ń yí ní ìwọ̀n ìgbà 600 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan. Sìlóò ni àwọn mẹ́káníìkì wa ń pe ìyí jẹ́jẹ́ yìí. Bí ẹ̀rọ onísìlíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, iná yóò ràn ní ìgbà 400 nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, nítorí ìyí méjì ni ìgbésẹ̀ mẹ́rin ń gbà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,600. Bí sìlíńdà kan bá kọ̀ tí kò jó, 400 ti dín nínú 1,600 náà, ẹ̀rọ náà sì dàbí ẹni mẹ́rin tí ń ru pósí, tí ọ̀kan nínú wọn ń jù ú sílẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, agbára eré tí ó ti sá a máa bo àlébù náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìdúró, afẹ́fẹ́ tí ń wọlé kéré, agbára kéré, kò sì sí ohun tí yóò bo ọ̀kan tí ó ń ṣe ọ̀lẹ láàrin wọn. Èyíinì ni pé eré kò wo àrùn náà sàn, ó kàn fi í pamọ́ ni.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹni tí a bá fẹ́ mọ bí ó ti rí, kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé ńlá ni kí a wò ó, nígbà tí gbogbo ojú wà lára rẹ̀ tí ìyìn sì ń tì í síwájú. Kí a wò ó nígbà tí kò sí ẹni tí ń pa á láṣẹ, tí iṣẹ́ fúyẹ́, tí ọwọ́ dilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìwé ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ṣùgbọ́n tí kì í ṣí ìwé ní ọjọ́ mìíràn, ọkọ̀ tí ń gbọ̀n lórí ìdúró ni. Olùkọ́ tí ó múra nígbà tí alábẹ̀wò ń bọ̀, tí ó sì ń sùn nígbà tí alábẹ̀wò ti lọ, bákan náà ni.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti mú kí ọkọ̀ dẹ́kun gbígbọ̀n. Èkíní rọrùn púpọ̀. Lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ní kabúrétọ̀, ìdè kékeré kan wà tí a lè fi yí sìlóò sókè. Bí a bá yí i, ẹ̀rọ a yára, ariwo a pọ̀, ìgbọ̀n a sì dín. Ẹni tí kò bá sì ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹ̀sáré ní gbogbo ibi tí ó bá dúró sí kí ẹ̀rọ má bàa kú. Epo ń ṣòfò, ẹ̀rọ ń gbóná, ohun tí ó bàjẹ́ sì wà níbi tí ó wà. A kò pe èyí ní àtúnṣe; ìbòmọ́lẹ̀ ni. Bí iná kò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ọ̀nà kejì ni kí a wá ìdí rẹ̀. Kò le tó bí a ti rò, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹni tí kì í ṣe mẹ́káníìkì sì lè ṣe ní àgbàlá ilé rẹ̀. Kí ọkọ̀ wà ní gbangba, nítorí èéfín rẹ̀ nínú ilé tí a tì a máa pa ènìyàn láìní òórùn tí yóò kìlọ̀. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a sì jẹ́ kí ó tutù. Lẹ́hìn èyí, kí a kọ́kọ́ wo asẹ́ afẹ́fẹ́. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku pupa bá bo ojú ọ̀nà láti Èjìgbò dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, asẹ́ a máa dí kí oṣù tí ìwé ọkọ̀ dá fún un tó pé. Bí a bá gbé e sójú oòrùn tí a kò rí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀hìn rẹ̀, ó ti tó láti pààrọ̀. Èkejì, kí a wo ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. Ìdọ̀tí dúdú bí ẹ̀hìn ìkòkò a máa dì sí i, tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fẹ́ lórí ìdúró kọjá. Oògùn ìfọ̀ tí a ṣe fún un àti aṣọ mímọ́ ni a fi ń nù ún, pẹ̀lú ẹ̀sọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, sìlóò lè ṣe ségesège fún ìgbà díẹ̀ lẹ́hìn ìfọ̀ náà, títí kọ̀ǹpútà náà yóò fi kọ́ ìwọ̀n tuntun.

Ẹ̀kẹta ni púlọ́ọ̀gì, èyí tí ń tan iná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a máa tú wọn, kí wáyà wọn má bàa dàrú. Púlọ́ọ̀gì jẹ́ ìwé tí ẹ̀rọ kọ fún ẹni tí ó bá lè kà á. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, ara le. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ọ́ìlì bá rin ín, ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀rọ ti ń jẹ, iṣẹ́ mẹ́káníìkì sì ni èyíinì. Bí ó bá funfun tí ẹnu rẹ̀ sì ti yọ́, ooru ti pọ̀ jù. Àlàfo ẹnu rẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bí mílímítà kan, ìwé ọkọ̀ ni yóò sì sọ iye tí ó yẹ gan-an. Ẹ̀kẹrin, kí a wo àwọn rọ́bà kéékèèké tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara ẹ̀rọ. Ooru àti ọjọ́ orí a máa là wọ́n, afẹ́fẹ́ tí a kò pè a sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó bá farabalẹ̀ tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lè gbọ́ ìró rẹ̀ bí ẹni pé ejò ń fọn, ṣùgbọ́n kí ó pa ọwọ́ àti aṣọ rẹ̀ mọ́ kúrò lára ohun tí ń yí.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn: ohun kan ni kí a tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí a dán ọkọ̀ wò, kí a tó fi ọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ohun mẹ́rin pọ̀ lè wo ọkọ̀ sàn, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó wò ó sàn. Ó ti ná owó mẹ́rin láti kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò kọ́. Bí àrùn náà bá padà ní ọjọ́ mìíràn, òpè bí ti àtijọ́ ni yóò jẹ́. Olùkọ́ tí ọmọ kan kò bá mọ ìṣirò yóò ṣe dáadáa bí ó bá lo òfin yìí. Kí ó kọ́kọ́ wò bí ojú ọmọ náà bá ń ríran dé ara pátákó, bí ebi bá ń pa á, bí ó bá mọ ìsọdipúpọ̀, kí ó tó pè é ní olódo. Ẹgba a máa dàbí ìdè tí ń gbé sìlóò sókè: ariwo a pọ̀, ìmọ̀ kò sì yí padà.

Àwọn kan yóò wí pé, "Iṣẹ́ mẹ́káníìkì ni gbogbo èyí. A ń sanwó fún un. Kí ni ó kàn wá?" Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ nínú, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni mẹ́káníìkì, ìmọ̀ rẹ̀ sì tọ́ sí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí obìnrin kan tí ń jẹ́ Bertha Benz. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ó gbé ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀, Karl Benz, ṣe, ó sì wà á pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì láti Mannheim dé Pforzheim ní ilẹ̀ Jámánì, ìrìn tí ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, nígbà tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni tí ó fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, ó fi abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ là á. Nígbà tí wáyà iná bó, ó fi ìdè ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ṣéènì fẹ́ àtúnṣe, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni ó lọ. Nígbà tí bíréèkì ń jẹ, ó ní kí aránbàtà fi awọ bò ó. Ó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká, ó sì mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká. A rò pé nínú ìmọ̀ méjèèjì yìí ni ọgbọ́n wà. Ẹni tí kò fi ọwọ́ kan ohunkóhun jẹ́ àlejò nínú ohun ìní ara rẹ̀, ẹni tí ó sì ń fi ọwọ́ kan ohun gbogbo jẹ́ ewu fún un. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tí ó bá ti yẹ asẹ́ àti púlọ́ọ̀gì wò kì í lọ bá mẹ́káníìkì bí ẹni tí a fẹ́ tàn. Bí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ í sọ ni ó ń lọ, mẹ́káníìkì olóòótọ́ a sì máa yọ̀ láti rí irú rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ayé ni, pé ọ̀tá ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ àwọn gbádùn. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ohun tí ojú kò rí. Ohun tí a ń wí ni pé ohun tí ojú rí ni kí a kọ́kọ́ wò. Alágbẹ̀dẹ àtijọ́ a máa bọ Ògún, ṣùgbọ́n bí ẹwìrì rẹ̀ bá lu, awọ ni ó fi ń lẹ̀ ẹ́. Kò fi ẹbọ rọ́pò awọ, kò sì yẹ kí a fi àdúrà rọ́pò asẹ́. Ẹni tí ó bá pe àìbìkítà ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ọ̀tá ti dẹ́ṣẹ̀ méjì: ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìṣe, ó sì ti fi ẹ̀sùn kan aládùúgbò rẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àwọn kan sì wà tí yóò wí pé ìṣẹ́ ni kò jẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí wọ̀ wá lára. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, owó epo bẹntiróòlù ti di ẹrù wúwo lórí onímọ́tò àti lórí èrò. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni ti onílé. Ní oṣù kejì ọdún 2022, NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ilẹ̀ wa, kéde pé epo kan tí a kó wọlé láti òkè òkun ní ọtí methanol nínú ju ìwọ̀n tí ó yẹ lọ, a sì kó o kúrò lọ́jà. Kò sí bí a ti lè fọ púlọ́ọ̀gì tó tí epo burúkú kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ̀n. Nítorí náà, ó yẹ kí a ya ẹ̀bi tiwa sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bi ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìwọ̀n tirẹ̀ tán ni ẹnu rẹ̀ gbà á láti bèèrè ìwọ̀n ti ẹlòmíràn. Ní ti owó, asẹ́ tí ó dí àti iná tí kò jó dáradára ń fi epo ṣòfò, tálákà ni kò sì lè ru òfò yìí. Omi, aṣọ, sípánà kan àti wákàtí kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kò wọ́n tó ẹ̀rọ tuntun.

A ti fi ohun tí ó wúwo jù lọ sí ìkẹhìn. Láàrin àwọn rọ́bà tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè, ọ̀kan wà, ó nípọn ju àwọn ìyókù lọ, tí ń lọ láti ara ẹ̀rọ sí ohun èlò tí ń fi kún agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ nígbà tí ó bá tẹ bíréèkì. Bí rọ́bà yìí bá là, ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Èkíní, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n lórí ìdúró. Èkejì, bíréèkì yóò le bí òkúta, ọkọ̀ kò sì ní tètè dúró bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ kíyè sí i: ìgbọ̀n tí awakọ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ní gáréèjì lè jẹ́ ońṣẹ́ tí bíréèkì rán sí i. Bí ó bá yí sìlóò sókè kí ó má bàa gbọ́ ohùn náà mọ́, ó ti lé ońṣẹ́ padà láìgbọ́ iṣẹ́ tí a rán an. Bíréèkì nìkan ni yóò wá jíṣẹ́ fúnra rẹ̀, bóyá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Láti ọdún 1988 tí ìjọba ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń yẹ táyà àti iná ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà, iṣẹ́ rere sì ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ tí ó lè dúró sí àgbàlá olúkúlùkù ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ nìkan ni ó ń gbọ́ ọ. Èrò tí ó sanwó láti Èjìgbò dé Abidjan kò mọ ohùn náà. Ó jókòó, ó gbé ọmọ lé itan, ó sì gbà pé ẹni tí ó mọ̀ ti gbọ́, ó sì ti ṣe ohun tí ó yẹ. Gbèsè tí ìgbẹ́kẹ̀lé yìí dá sí ọrùn onímọ́tò pọ̀ ju owó ọkọ̀ lọ.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè náà ni pé rárá: ọkọ̀ tí ń gbọ̀n lórí ìdúró, ara rẹ̀ kò le, bí ó tilẹ̀ ń sáré. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ kò tíì ní ọkọ̀, ẹ ní agogo ilé-ìwé, ẹ ní kànga, ẹ ní kẹ̀kẹ́, ẹ ní ìwé tí ẹ̀hìn rẹ̀ ń ya. Ẹ tẹ́tí sí wọn nígbà tí wọ́n bá ń ké fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ẹ wá ìdí rẹ̀, ẹ ṣe èyí tí ọwọ́ yín ká, kí ẹ sì kó ìyókù lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.